Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Tí Kò Lẹ́nìkan ní Kóòtù Ṣe Lè Rí Ìkọ́ṣẹ́ Lọ́dọ̀ Adájọ́ ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè kan náà ló ń wá lọ́dọọdún, pàápàá láti ẹnu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ òfin: "Kò sí lọ́yà kankan nínú ẹbí wa. Mi ò mọ adájọ́ kankan. Ilé ẹ̀kọ́ mi kì í ṣe èyí tí orúkọ rẹ̀ ròkè. Ṣé adájọ́ lè gba irú èmi yìí?"

Ó lè gbà ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò rí i gbà ni kò kọ̀wé rárá, tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí adájọ́ mẹ́ta péré, kó sì jẹ́ àwọn tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ bá. Àwọn míì rí i gbà tán, àfi ìgbà tí ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tó ṣírò owó ilé àti owó ọkọ̀, ni wọ́n bá dá a padà. Ìdí nìyẹn tí màá fi sọ ọ̀rọ̀ owó ṣáájú ọ̀rọ̀ lẹ́tà.

Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ pé ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó dé yunifásítì nínú ẹbí rẹ, tàbí o jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Latino, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà (Native American), ọmọ àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ òkèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara, tàbí ẹni tí owó kò sí nílé wọn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní ọ́fíìsì adájọ́.

## Iṣẹ́ wo lo máa ṣe níbẹ̀?

Ọ́fíìsì adájọ́ kéré. Adájọ́ wà níbẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ lè wà níbẹ̀, àti law clerk kan sí mẹ́rin, ìyẹn àwọn agbẹjọ́rò tó ń bá a ṣèwádìí òfin tí wọ́n sì ń bá a kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti ìdájọ́. Àwọn wọ̀nyí ni wàá máa bá ṣiṣẹ́. Wàá ka ìwé tí agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì kó wá, wàá wádìí òfin, wàá kọ bench memo tó ń ṣàlàyé ẹjọ́ fún adájọ́ kó tó jókòó, wàá yẹ gbogbo ìtọ́kasí wò bóyá wọ́n bá ìlànà Bluebook mu (ìwé tó ń sọ bí a ṣe ń tọ́ka sí ẹjọ́ àti òfin), wàá sì jókòó sí kóòtù wo ìgbẹ́jọ́.

Kì í ṣe ohun tó ń dán bíi ti tẹlifíṣọ̀n. O lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan lórí bóyá ẹni tó pẹjọ́ ti pẹ́ jù kó tó pè é. Ṣùgbọ́n ibo ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tún ti máa rí i pé ohun tóun kọ ni adájọ́ mú dání lọ sórí àga?

Nígbà tí o bá ń wá a, wá "judicial internship" àti "judicial externship" pọ̀. Externship sábà máa ń ní yúnítì nínú, ti àkọ́kọ́ kì í sábà ní in. Clerkship jẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù lẹ́yìn tí o bá ti jáde, má kọ̀wé sí èyí ní báyìí.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ṣírò owó kí o tó kọ lẹ́tà kankan

Ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kì í sábà ní owó oṣù. Òfin gba kóòtù láàyè láti lo ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n sì ń ṣe nìyẹn. Àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ kan ń sanwó, àwọn míì kì í san. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà rówó gbọ́ bùkátà rèé:

1. Owó ìtìlẹ́yìn láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òfin ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ṣiṣẹ́ fún ará ìlú. Béèrè ìbéèrè méjì: ṣé iṣẹ́ lọ́dọ̀ adájọ́ wà lára ohun tí owó náà bò? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù pa? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan yọ adájọ́ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn míì máa ń ti fọ́ọ̀mù pa kí adájọ́ tó dá ọ lóhùn, torí náà kọ fọ́ọ̀mù náà kó tó di pé iṣẹ́ dé.
2. Work-study ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó iṣẹ́ tí ìjọba fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá wà nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ rẹ, bi ọ́fíìsì tó ń rí sí owó náà bóyá wọ́n lè lò ó fún iṣẹ́ kóòtù.
3. Ètò ìta. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ìlú tàbí ìpínlẹ̀ máa ń ní owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa padà sórí èyí.
4. Pípín ọ̀sẹ̀ sí méjì. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ní kóòtù, ìyókù níbi iṣẹ́ olówó. Àwọn adájọ́ kan gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá ní kóòtù ìpínlẹ̀. Sọ fún ọ́fíìsì adájọ́ irú iṣẹ́ kejì náà kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tàbí láíbúrárì kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó ní ẹjọ́ ní kóòtù náà kò ṣeé ṣe.
5. Kóòtù tó sún mọ́ ilé ẹbí rẹ. Owó ilé ló ń jẹ nǹkan jù. Adájọ́ tó wà ní ìlú tí àǹtí rẹ ń gbé lè sàn fún ọ ju adájọ́ olókìkí ní Manhattan lọ.

Ìkìlọ̀ nípa yúnítì. Àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ló ń já sínú pàkúté yìí. Bí o bá gba yúnítì fún ìkọ́ṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ẹ̀kọ́ lè gba owó ilé ẹ̀kọ́ lórí yúnítì náà. Ìyẹn ni pé o ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, o tún ń sanwó kí o lè ṣe é. Bí yúnítì lo bá fẹ́, ṣe externship nínú sáà ẹ̀kọ́ tí o ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ọdún 2016 ni American Bar Association, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, ti yọ òfin tó ní akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba owó àti yúnítì pọ̀ lórí iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bóun ṣe máa ṣe é. Béèrè, má méfò.

Bí o bá wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́. Má rò pé nítorí pé kò sí owó níbẹ̀, kò kan ọ̀rọ̀ físà. Lọ rí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kí o tó gba iṣẹ́ náà. Tó bá ní o nílò CPT (àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ tó so mọ́ ẹ̀kọ́), ó gbọ́dọ̀ wà lórí I-20 rẹ (ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí ipò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ) kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ. Ẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ń bà ni pé CPT máa jẹ OPT wọn run, ìyẹn àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń lò lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ìgbà tí CPT alákòókò kíkún bá pé oṣù 12 nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, ìkọ́ṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan kò débẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Kóòtù wo lo máa kọ̀wé sí?

Àwọn èèyàn máa ń ronú kan Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Washington, kí wọ́n tó ronú kan kóòtù tó wà ní òpópónà ìlú wọn. Ilẹ̀ náà gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kóòtù ìjọba àpapọ̀. District court 94 ló wà káàkiri, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn 13 ló wà lókè wọn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ àwọn district judge. Àwọn tí wọn kò rántí ni adájọ́ májísíréètì, tí wọ́n wà nínú ilé ẹjọ́ kan náà, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ gidi, tí ìwé ìwáṣẹ́ kì í sì í ya bò bíi ti àwọn yòókù. Àwọn adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún kóòtù gbèsè nítorí wọ́n rò pé ìṣirò ni gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ibi tí o ti lè rí bí òfin ṣe ń bá ẹni tí ilé fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Senior judge. Àwọn adájọ́ àgbà tó ti dín iṣẹ́ kù ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n sábà máa ń ní àyè láti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́.

Kóòtù ìpínlẹ̀. Ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ Amẹ́ríkà ń lọ: ẹjọ́ ilé, ẹjọ́ ọmọ, ọ̀ràn dídá, ìkọ̀sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ rí ìgbẹ́jọ́ lójoojúmọ́, lọ síbẹ̀.

Kóòtù àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn orílẹ̀-èdè onílẹ̀ ní kóòtù tiwọn. Navajo Nation, fún àpẹẹrẹ, ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tirẹ̀ ní Window Rock, Arizona.

Ilé ẹjọ́ ìṣíwọ̀lú. Ó wà lábẹ́ Department of Justice, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀ka ìdájọ́. Ọ̀nà ìwáṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: kọ̀wé sí adájọ́ 20 sí 30. Pín wọn sí mẹ́ta: district judge kó ìdá kan, májísíréètì àti adájọ́ gbèsè kó ìdá kan, kóòtù ìpínlẹ̀ kó ìyókù. Má fi orúkọ adájọ́ tí o kò ní fẹ́ gbà sínú rẹ̀. Wàá rí ìdí rẹ̀ ní Ìgbésẹ̀ 6.

Láti yan orúkọ, lọ sórí ìkànnì Federal Judicial Center. Wọ́n kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ààrẹ yàn sípò títí ayé síbẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú. Wá ẹni tó lọ sí yunifásítì rẹ, ẹni tó ti ṣe agbẹjọ́rò fún àwọn aláìní, ẹni tó wá láti ìlú kékeré bíi tìrẹ. Lẹ́yìn náà, wo ojú ewé adájọ́ náà gan-an lórí ìkànnì kóòtù rẹ̀. Bó bá ní ìwé nìkan lòun ń gbà láti ilé ìfìwéránṣẹ́, má fi ímeèlì ránṣẹ́.

## Kàlẹ́ńdà fún ìkọ́ṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn

- Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá: lọ rí ọ́fíìsì tó ń rí sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, béèrè gbogbo ìbéèrè owó.
- Oṣù Kọkànlá: to orúkọ adájọ́, kọ CV àti lẹ́tà, tún àpẹẹrẹ ìwé rẹ ṣe. Ṣe èyí kí ìdánwò tó dé.
- Oṣù Kejìlá: fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbà á kí máàkì tó jáde.
- Oṣù Kìíní: máàkì jáde, fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ètò ìta púpọ̀ máa ń parí gbígba fọ́ọ̀mù ní àyíká àkókò yìí.
- Oṣù Kejì àti Kẹta: ìntáfíù, àti kóòtù ìpínlẹ̀ tí kì í tètè gbà.
- Oṣù Kẹrin: àyè tó ṣẹ́ kù.

## Ìgbésẹ̀ 3: Kó ìwé rẹ jọ

1. CV ojú ewé kan. Iṣẹ́ tí o fi gbọ́ bùkátà ara rẹ kì í ṣe ohun ìtìjú. Bí o bá ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtajà fún ọdún mẹ́ta nígbà tí o wà ní yunifásítì, kọ ọ́, kí o sì kọ iye wákàtí lọ́sẹ̀. Adájọ́ tó bá rí i máa mọ ohun tí máàkì rẹ gbé lé orí. Kọ èdè tí o gbọ́ pẹ̀lú.
2. Lẹ́tà ojú ewé kan. Sọ irú ẹni tí o jẹ́, ọdún tí o wà, ọjọ́ tí o lè bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí o máa parí, ìdí tí o fi yan kóòtù yìí, àti ohun méjì tó fi hàn pé o lè ṣèwádìí kí o sì kọ̀wé. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń fún ọ lówó tàbí yúnítì, sọ ọ́.
3. Àpẹẹrẹ ìwé tí o kọ, ojú ewé 5 sí 10. Memo tí o kọ ní kíláàsì ìkọ̀wé òfin tó. Tún un ṣe lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti dá a padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tìrẹ ni kí ó jẹ́. Fi ìlà méjì síwájú rẹ̀ tó ń sọ ohun tí ìwé náà wà fún. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lo ti kọ ọ́, gba àṣẹ, kí o sì pa orúkọ oníbàárà rẹ́.
4. Transcript. Èyí tí o tẹ̀ jáde fúnra rẹ máa ń tó níbẹ̀rẹ̀.
5. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó máa jẹ́rìí rẹ. Olùkọ́ ìkọ̀wé òfin ló sàn jù, nítorí ó ti ka iṣẹ́ rẹ. Olùkọ́ tí èèyàn 90 wà ní kíláàsì rẹ̀ kò mọ̀ ọ́ àyàfi tí o bá lọ bá a ní ọ́fíìsì. Lọ bá a láti oṣù Kẹsàn-án, má dúró di ìgbà tí o nílò rẹ̀.

Kó gbogbo rẹ̀ sínú PDF kan ṣoṣo, fi orúkọ rẹ pè é.

Bí a ṣe ń kọ orúkọ adájọ́. Ní àdírẹ́sì: "The Honorable", kí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní ìkíni: "Dear Judge", kí orúkọ ìdílé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀, "Justice" ló sábà máa ń jẹ́. New York ló ń dà á rú: Supreme Court níbẹ̀ ni kóòtù tí ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, Justice ni wọ́n sì ń pe àwọn tó jókòó síbẹ̀. Court of Appeals ló ga jù, Judge ni wọ́n ń pe tibẹ̀. Yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Àṣìṣe tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́:

- Orúkọ adájọ́ kan nínú lẹ́tà adájọ́ mìíràn. Ó ń ṣẹlẹ̀ ju bí o ṣe rò lọ.
- "Dear Sir" sí adájọ́ obìnrin.
- Ìyìn tí kò ní ìdí. Bí o kò bá tíì ka ìdájọ́ rẹ̀, má sọ pé o fẹ́ràn rẹ̀.
- Ọ̀rọ̀ òṣèlú, tàbí mímẹ́nuba ààrẹ tó yàn án sípò.
- Ìtọ́kasí tí kò bá Bluebook mu nínú àpẹẹrẹ ìwé. Law clerk ló ń kọ́kọ́ kà á, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ṣé kí n sọ ibi tí mo ti wá?

Àwọn kan ní kí o pa á mọ́, àwọn kan ní kí o fi kún gbogbo lẹ́tà. Èrò tèmi ni pé gbólóhùn kan tàbí méjì tó, kó sì so mọ́ iṣẹ́.

Wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan kọ̀wé pé ìyà jẹ òun púpọ̀, òun sì yẹ ní ẹni tí wọ́n máa fún láǹfààní. Ẹlòmíì kọ̀wé pé láti ọmọ ọdún mẹ́wàá lòun ti ń túmọ̀ ìwé onílé fún ìyá òun, ibẹ̀ lòun ti mọ bí ọ̀rọ̀ òfin ṣe ń rí létí ẹni tí kò lọ́yà, òun sì fẹ́ rí i láti ìhà adájọ́. Ẹnì àkọ́kọ́ ń tọrọ àánú. Ẹnì kejì ń sọ ohun tóun máa mú wá sí ọ́fíìsì náà, òun sì ni màá pè fún ìntáfíù.

Bí máàkì rẹ kò bá dára, má kọ àlàyé gígùn sínú lẹ́tà. Jẹ́ kí àpẹẹrẹ ìwé rẹ jẹ́ èyí tó dára jù nínú gbogbo ìwé tó wà nínú PDF náà. Bí ìdí pàtàkì bá wà, àìsàn tàbí ikú ẹbí, ẹni tó ń jẹ́rìí rẹ lè sọ ọ́ fún ọ.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ètò tó ń so akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ adájọ́

Fọ́ọ̀mù kan ni wàá kọ, wọn á yẹ̀ ọ́ wò, wọn á sì fi orúkọ rẹ síwájú adájọ́. Àwọn méjì tí o yẹ kí o kọ́kọ́ wò ni ti ẹgbẹ́ Just The Beginning, àti Judicial Intern Opportunity Program ti ẹ̀ka Litigation nínú American Bar Association. Wá ti ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ìlú rẹ náà. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin aláwọ̀ dúdú, NBLSA, ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó wà ní ọdún kejì àti ìkẹta níbẹ̀ ló mọ adájọ́ tó ń gba èèyàn àti èyí tí kì í dáhùn.

Ka ìlànà ọdún yìí, kì í ṣe ti ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Students for Fair Admissions àti Harvard, pé yunifásítì kò lè máa wo ẹ̀yà bí wọ́n ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé ni ẹjọ́ náà dá lé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò káàkiri orílẹ̀-èdè náà ló ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà láti ìgbà náà. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀yà tẹ́lẹ̀, wọ́n lè máa béèrè ìṣòro owó báyìí, bóyá ìwọ lẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí, tàbí ìdènà tí o ti borí. Èyí túmọ̀ sí pé àròkọ kúkúrú lo máa kọ dípò kí o fi àmì sínú àpótí. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ní Ìgbésẹ̀ 4.

Má fi ètò rọ́pò lẹ́tà tìrẹ. Ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n wo ìlànà ètò náà bóyá dandan ni kí o gba adájọ́ tí wọ́n bá fi ọ́ sí.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ìntáfíù àti ìdáhùn

Kí ọjọ́ tó pé:

- Ka ìdájọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí adájọ́ náà kọ. CourtListener, ìkànnì tó kó ìdájọ́ jọ, jẹ́ ọ̀fẹ́. PACER, ìkànnì ìwé ẹjọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀, ń gba sẹ́ńtì mẹ́wàá lórí ojú ewé kan, kì í kọjá dọ́là mẹ́ta lórí ìwé kan, bí ohun tí o lò láàárín oṣù mẹ́ta kò bá sì ju $30 lọ, wọn kì í gba nǹkan kan. Ìdájọ́ gan-an jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀.
- Tún àpẹẹrẹ ìwé tìrẹ kà. Ibẹ̀ ni ìbéèrè tó le jù ti ń wá: "Kí ni ìhà kejì máa sọ sí èyí?"
- Múra ẹjọ́ kan sílẹ̀ tí o kà ní kíláàsì tí o kò fara mọ́ ìdájọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìdí.
- Aṣọ kóòtù méjì tó. Ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ láṣọ. Ọ̀fẹ́ ni, lọ béèrè.
- Bó bá jẹ́ lórí Zoom tí ilé rẹ sì kún fún èèyàn, yá yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́.

Bọ̀wọ̀ fún akọ̀wé tó pè ọ́ bí o ṣe máa bọ̀wọ̀ fún adájọ́. Adájọ́ máa ń bi í léèrè lẹ́yìn tí o bá lọ. Má béèrè ohunkóhun nípa ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Béèrè bí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ṣe ń gba iṣẹ́, ẹni tó ń ka ìwé wọn, àti bóyá wọ́n máa ń jókòó sí kóòtù.

Bí adájọ́ bá ní kí o wá, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Àṣà wọn nìyẹn: a kì í fi adájọ́ sílẹ̀ ká lọ dúró de adájọ́ tó lókìkí jù ú lọ. Bí o bá ní ìdí gidi, bíi owó ìtìlẹ́yìn láti ilé ẹ̀kọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ kò tíì dé, o lè fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní ọjọ́ tí o bá gbà á, fi ímeèlì ìlà méjì ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn yòókù pé o ti yọ orúkọ rẹ kúrò.

## Nígbà tí o bá ti wọlé

Wọ́n lè gba ìtẹ̀ka rẹ kí wọ́n sì yẹ ìtàn rẹ wò, torí náà kó àdírẹ́sì gbogbo ibi tí o ti gbé jọ.

Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, Code of Conduct for Judicial Employees, ìlànà ìwà àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, de ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà, owó wà níbẹ̀ o, kò sí o. Ohun tó túmọ̀ sí lójoojúmọ́ ni pé:

- Ohun tí o gbọ́ ní ọ́fíìsì adájọ́, ibẹ̀ ló máa wà. Má sọ ọ́ fún olólùfẹ́ rẹ, má sọ ọ́ nínú ẹ̀rọ agbérasókè.
- Kò sí fọ́tò ọ́fíìsì lórí Instagram. Béèrè kí o tó fi orúkọ adájọ́ sórí LinkedIn.
- Dá ìṣèlú ẹgbẹ́ dúró: kò sí ìtọrẹ, kò sí ìpolongo.
- Má kó ìwé ẹjọ́ sínú ChatGPT tàbí irú rẹ̀ láìgba àṣẹ.
- Bí o bá mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹjọ́ kan, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní kí law clerk fún ọ ní memo kan tí adájọ́ fẹ́ràn, kí o rí bó ṣe ń fẹ́ ẹ. Padà lọ bá a nígbà tí iṣẹ́ rẹ bá dé ìdá kan nínú mẹ́ta, má dúró dìgbà tí o bá parí kí o tó mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn lo gbà. Bí wọ́n bá fi tádà pupa kún gbogbo ìwé rẹ, kò túmọ̀ sí pé wọ́n kábàámọ̀ pé wọ́n gbà ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí ìwé ara wọn.

Bí wọ́n bá fìyà jẹ ọ́. Èyí ni ẹnikẹ́ni kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìlànà EDR (Employment Dispute Resolution, ọ̀nà yíyanjú ẹ̀sùn níbi iṣẹ́) ti kóòtù ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n tún ṣe ní 2019, bo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni, adájọ́ pàápàá, bá fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ẹ̀yà tàbí ìpèníjà ara yọ ọ́ lẹ́nu, o lè gba ìmọ̀ràn ní bòókẹ́lẹ́ lọ́wọ́ EDR coordinator kóòtù náà tàbí Office of Judicial Integrity ní Washington. Ẹ̀sùn àfọwọ́kọ ní gbèǹdéke ọjọ́ 180, torí náà kọ déètì sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kóòtù ìpínlẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀.

## Kí o tó kúrò

- Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìparí, béèrè bóyá o lè lo memo kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìwé. Gba àṣẹ náà nínú ìwé, kí o sì pa ohun tó yẹ kó pa mọ́ rẹ́.
- Kọ irú iṣẹ́ tí o ṣe sílẹ̀ láìdárúkọ ẹjọ́.
- Béèrè lọ́wọ́ law clerk àti adájọ́ bóyá wọ́n lè jẹ́rìí rẹ.
- Fi ọwọ́ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, kí akọ̀wé ní tirẹ̀.

## Bí oṣù Kẹrin bá dé tí o kò rí adájọ́

1. Pe ọ́fíìsì àwọn adájọ́ kóòtù ìpínlẹ̀ tó sún mọ́ ọ. Ẹni tó ti gbà á lè ti sọ pé òun kò wá mọ́.
2. Wo àwọn administrative law judge ìpínlẹ̀ (àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ nínú ilé iṣẹ́ ìjọba), àti ibi tí kóòtù ti ń ran àwọn tí kò lọ́yà lọ́wọ́. Wọn kì í sábà kún.
3. Public defender (agbẹjọ́rò tí ìjọba ń sanwó fún láti gbèjà aláìní tí wọ́n fẹ̀sùn kàn) àti legal aid (ìrànwọ́ òfin ọ̀fẹ́ fún aláìní): wàá wà ní kóòtù lójoojúmọ́, ní ìhà kejì tábìlì.
4. Olùkọ́ tó ń wá ẹni tó máa bá a ṣèwádìí, tó sì ń sanwó. Lọ jókòó sí ìgbẹ́jọ́ ní ọjọ́ tí o bá ráyè. Ilẹ̀kùn kóòtù ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú.
5. Externship ìgbà ìwọ́wé. Oṣù Kẹta àti Kẹrin yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń to orúkọ rẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ sì ti bo yúnítì rẹ̀. Gbé PDF kan náà, yí déètì inú lẹ́tà, fi máàkì tuntun sí i, kí o tún un fi ránṣẹ́, títí kan àwọn adájọ́ tó ti sọ pé àyè ti kún fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.